Mùsíọ́mù àwọn Júù lórí fóònù: èwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí?

Láàárín oṣù kan péré, èèyàn mẹ́ta ló bi mí ní ìbéèrè tó fẹ́ jọra. Pásítọ̀ wa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìwé Aísáyà tí wọ́n rí nínú ihò lẹ́bàá Òkun Òkú ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibo làwọn ti lè rí i. Ìyẹn ò tíì tutù tí àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní lítíréṣọ̀ fi pè, òun ń wá nǹkan tóun lè fi han àwọn ọmọ kíláàsì òun nípa Anne Frank, àmọ́ kó má gbé gbogbo dátà òun mì. Ẹnì kẹta ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì, àwọn ìwé àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ wọn ló ń dùn ún, wọ́n ti ń jẹrà, ó wá fẹ́ mọ bí àwọn mùsíọ́mù Júù ṣe ń gbé tiwọn síta fún gbogbo ayé torí ó gbọ́ pé wọ́n ti rìn jìnnà nínú ẹ̀. Mo fi vóìsì nóòtì dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lórí WhatsApp, nígbà tó yá mo rí i pé ohun kan náà ni mò ń tún sọ, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbi kan kí ẹlòmíì náà lè rí i lò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹrù inú àwọn mùsíọ́mù yìí yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni ẹni tó ni ín ò sí láyé mọ́, ikú tó sì pa wọ́n kì í ṣe ikú Ọlọ́run. Lọ́dún 1939, àwọn Júù ìlú Danzig, tó ti di Gdańsk ní ilẹ̀ Póláǹdì lónìí, rí i pé ìlú ti há mọ́ àwọn lábẹ́ àwọn Násì, ìyẹn ẹgbẹ́ Hitler tó ń ṣèjọba Jámánì, wọ́n kó ohun èlò sínágọ́gù wọn sínú àpótí mẹ́wàá tó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ sí New York. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé tó bá fi máa di ọdún 15 sígbà yẹn tí àwọn Júù bá tún wà ní Danzig tí ọkàn wọn balẹ̀, kí wọ́n kó o padà fún wọn, tí kò bá wá sí, kó dúró sọ́hùn-ún kí aráyé máa fi kẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 15 pé, kò sẹ́ni tí wọ́n máa kó o fún. Ẹrù yẹn ṣì wà ní Jewish Museum ní New York títí dòní olónìí, ẹ sì lè rí lára ẹ̀ lórí fóònù yín.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá nínú gbogbo wọn ni: ta ló ni nǹkan yìí, báwo ló sì ṣe dé ibi tó wà? Sáìtì tó bá dáhùn ìyẹn dáadáa, mo lè fara dà á kó lọ́ra, mo lè fara dà á kó má rẹwà. Èyí tí kò bá dáhùn ẹ̀, bó ti wù kí fọ́tò ẹ̀ dán tó, ojú nìkan ló bọ́, kò bọ́ inú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ń wo dátà, ń wo èdè, ń wo bóyá èèyàn lè wà á sórí fóònù ara ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìwé Aísáyà lẹ fẹ́ rí

Ibi méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń kó wọn pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti Israel Museum ní Jerúsálẹ́mù, àwọn àti Google ló jọ ṣe é, àkájọ ìwé márùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù September 2011. Èkejì ni Leon Levy Dead Sea Scrolls Digital Library, ti àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ísírẹ́lì, ìyẹn jáde ní 2012.

Ti Israel Museum ni mo fi ránṣẹ́ sí Pásítọ̀. Àkájọ ìwé Aísáyà tó wà níbẹ̀ gùn ju mítà méje lọ, òpó ọ̀rọ̀ 54 ló wà lára ẹ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ sì ti lé ní 2,000 ọdún. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì bí àwọn Júù ṣe ń kàwé, ẹ lè fà á súnmọ́ra títí ẹ ó fi rí òwú tí wọ́n fi rán awọ kan mọ́ èkejì, tẹ́ ẹ bá sì tẹ ẹsẹ kan, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ á yọ sí yín. Ẹ wá lọ sí òpó 33, orí 40 ló wà níbẹ̀, ibi tí wòlíì ti ń sọ̀rọ̀ nípa koríko tó ń gbẹ àti òdòdó tó ń rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ò ní yẹ̀ láé. Ẹni tó kọ́kọ́ da ìwé yẹn kọ fo lára ẹsẹ yẹn! Ọwọ́ ẹlòmíì ló wá fi kún un lẹ́yìn ìgbà náà, ó há a sáàárín ìlà, àyè ò gbà á, ó wá dà á wálẹ̀ sí etí ìwé, ẹ máa rí i kedere pé ọwọ́ yẹn yàtọ̀. Pásítọ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́, àwọn ò tíì jẹun alẹ́, inú òpó 33 yẹn làwọn ṣì wà.

Ohun míì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹni tó bá tiẹ̀ wọ bàálù lọ sí Jerúsálẹ́mù, ẹ̀dà ìwé Aísáyà ló sábà máa ń bá nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn ìwé yẹn, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba awọ àtijọ́ jẹ́, wọ́n sì ti gbé ojúlówó ẹ̀ pa mọ́. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ti ká rí lẹ́tà tí ọwọ́ èèyàn kọ nígbà yẹn, fọ́tò orí fóònù yín yìí sún mọ́ ojúlówó ju ohun tó wà níwájú àwọn arìnrìn-àjò lọ. Ibì kan péré ló ti kù díẹ̀ káàtó, fọ́tò yẹn wúwo, ó tó 1,200 megapixel, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fà á súnmọ́ra ló ń jẹ dátà, ẹ lo Wi-Fi ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ní.

Leon Levy ní tiẹ̀, ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń wá ka Bíbélì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé ló wà níbẹ̀, àwọn míì ò ju èékánná lọ, oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí ojú wa ò lè rí, awọ tó ti dúdú bí èédú, lẹ́tà á ṣàdédé yọ lára ẹ̀. Wọ́n tún kó àwọn fọ́tò tí wọ́n yà ní àwọn ọdún 1950 sí i, ìgbà tí àwọn ègé yẹn ò tíì bàjẹ́ tó báyìí. Tẹ́ ẹ bá wà ní sẹ́mínárì, tẹ́ ẹ sì gbọ́ Hébérù díẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ Sunday School lẹ fẹ́ fi hàn, ẹ fi sílẹ̀, ó máa sú wọn kíákíá.

Ilé Anne Frank: yàrá òfìfo àbí yàrá tó kún?

Ibí yìí ni mo ti pẹ́ jù, torí ohun tó wà níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ sáìtì lọ.

Ẹni tí ò bá mọ ìtàn ẹ̀: ọmọ Júù ni Anne, ọmọ ọdún 13 ni lóṣù July 1942 tí òun àtàwọn òbí ẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ sá pa mọ́ sí ẹ̀yìn ilé kan ní Amsterdam, àwọn mẹ́rin míì tún wá bá wọn, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n wà níbẹ̀, Anne sì ń kọ ìwé ìrántí ẹ̀, títí di August 4, 1944 tí wọ́n wá kó wọn. Nínú àwọn mẹ́jọ yẹn, Otto bàbá Anne nìkan ló padà wálé láàyè. Lẹ́yìn tí wọ́n kó wọn, wọ́n kó gbogbo àga àti bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wá sọ ilé náà di mùsíọ́mù ní 1960, Otto ní kí wọ́n fi àwọn yàrá yẹn sílẹ̀ lófìfo bí àwọn Násì ṣe fi í sílẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ògiri ló máa rí.

Àmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yàrá náà kún. Ọ̀nà mẹ́ta ni Ilé Anne Frank fi ń gbé e síta, wọn ò sì jọra rárá.

Ọ̀kan ni Secret Annex tó wà lórí sáìtì wọn, ó ti wà láti 2010. Ẹ máa tẹ yàrá kan, ẹ máa yí i ká, ẹ máa rí bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, fọ́tò àwọn òṣèré tí Anne lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ tẹ nǹkan kan ìtàn ẹ̀ á jáde. Èkejì ni ti VR tó jáde ní 2018, bí ìṣẹ́jú 25 ló gbà, èèyàn á gbé ẹ̀rọ bojú, á dà bíi pé inú yàrá yẹn gan-an lo dúró sí. Ẹ̀kẹta ni fídíò apá 15 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sí YouTube lóṣù March 2020, òṣèrébìnrin kan ló ṣe Anne, wọ́n ṣe é bíi pé kámẹ́rà fídíò ni Anne ní dípò ìwé, ó ń wo ojú wa ó ń bá wa sọ̀rọ̀. Dutch ni wọ́n ń sọ, àmọ́ àkọlé Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

VR yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ ojú yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Kíláàsì ọmọ 40 àti ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ọmọ mélòó ló máa kàn kí bẹ́ẹ̀lì tó lù?

Fídíò yẹn dùn fún àwọn ọmọ tí ò fẹ́ràn ìwé, ó sì lè jẹ́ òun ló máa mú wọn dé ìdí ìwé, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé òṣèré ni wọ́n ń wò o, ìwé ni Anne ní, kálàmù ẹ̀ ló fi bá wa sọ̀rọ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ọmọ tó bá ti wo fídíò yẹn máa rò pé òun ti rí Anne, òun ò sì tíì rí i. Bákan náà, apá 15 tí ẹ bá wò ó tán, dátà ti lọ.

Secret Annex ni mo mú fún àbúrò mi. Kò nílò áàpù, kò nílò ẹ̀rọ kankan, ó lè ya ojú fóònù sílẹ̀ nílé kó tó lọ sí kíláàsì, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣẹ́ kò ní dà á láàmú. Ohun tí mo ní kó ṣe rèé: kó kọ́kọ́ fi yàrá tó kún hàn wọ́n, kó jẹ́ kí wọ́n wo gbogbo ẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà kó gbé fọ́tò yàrá kan náà bó ṣe wà ní mùsíọ́mù lónìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tí ò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, kó sì má sọ̀rọ̀. Ó ní kíláàsì dákẹ́, ọmọkùnrin kan wá béèrè pé, "Aunty, ta ló kó àga wọn lọ?" Ìbéèrè yẹn ni Otto fẹ́ kí gbogbo aráyé béèrè, yàrá tó kún nìkan ò lè bí i, yàrá òfìfo nìkan náà kò ní yé ọmọ tí ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Méjèèjì ni kẹ́ ẹ lò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi onílàíbìrì. Lọ́dún 2021, wọ́n gbé gbogbo ohun tí Anne fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Nẹ́dálaǹdì, ilẹ̀ tí Anne ti kọ ọ́ gan-an, kò lè ṣí i, torí lábẹ́ òfin ibẹ̀, ẹ̀tọ́ oníwèé lórí apá kan nínú ẹ̀ ṣì máa wà títí di 2037, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti dé kóòtù. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó gbé ìwé ẹlòmíì síta, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ẹ̀ àti ìgbà tó máa parí.

Ojú ewé mílíọ̀nù mẹ́rin àbí ìwé ọmọbìnrin kan?

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà tó ń jẹ́ YIVO, Vilna ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1925, ìlú yẹn ló ń jẹ́ Vilnius ní Lithuania báyìí, iṣẹ́ wọn ni láti kó ìtàn àwọn Júù tó ń sọ Yídíìṣì, èdè àwọn Júù Ìlà Oòrùn Yúróòpù, jọ. Nígbà tí àwọn Násì dé, wọ́n fi tipátipá mú bí ogójì nínú àwọn Júù tó wà nínú gẹ́tò, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n há wọn mọ́, pé kí wọ́n máa ṣa ìwé, èyí tó bá dáa kó lọ sí Jámánì, èyí tó kù kó lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ bébà. Àwọn èèyàn yẹn ń fi ìwé sínú aṣọ, wọ́n ń jí i kó wọ gẹ́tò padà, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá mú wọn, ikú ni. Akéwì ni méjì nínú wọn, Abraham Sutzkever àti Shmerke Kaczerginski. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí ìjọba Soviet náà fẹ́ run ohun tó kù, ará Lithuania kan tó jẹ́ onílàíbìrì, Antanas Ulpis, kó o pa mọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Lọ́dún 2017, wọ́n tún rí ìwé tó tó ojú ewé 170,000 tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù.

YIVO wá ṣe nǹkan méjì. Wọ́n fi ọdún méje àti dọ́là mílíọ̀nù 7 síkáànù gbogbo ohun tó kù láti Vilna, èyí tó wà ní New York àti èyí tó wà ní Lithuania, wọ́n parí ẹ̀ ní January 2022, ó tó ojú ewé mílíọ̀nù 4.1. Wọ́n tún ṣí mùsíọ́mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní 2020, gbogbo àfihàn àkọ́kọ́ ẹ̀ sì dá lórí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Beba Epstein, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara ẹ̀ nígbà tó wà ní kíláàsì karùn-ún ní nǹkan bí 1933 sí 1934. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ òbí ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ìwé yẹn wà lára èyí tí wọ́n rí ní 2017. Beba yè, ó sì gbé ní Amẹ́ríkà.

Mo ti gbìyànjú méjèèjì. Àkójọ ńlá yẹn, tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ Yídíìṣì, Hébérù, Rọ́ṣíà tàbí Pólíìṣì, ẹ máa wo ojú ìwé títí, kò ní bá yín sọ nǹkan kan, àfi ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí tó sì mọ ohun tó ń wá. Ti Beba, ẹ jókòó tì í ní wákàtí kan, ẹ máa mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń lọ sí ilé ìwé, ohun tí wọ́n ń bá ọmọdé wí lé lórí ní Vilna kí gbogbo ẹ̀ tó bàjẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Beba. Ọ̀rẹ́ mi onílàíbìrì ní tiẹ̀, àkójọ ńlá yẹn ni kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, torí ohun tó gba ọdún méje, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí ẹ̀ fún ọ̀gá ẹ̀ ní oṣù mẹ́fà.

Leo Baeck Institute náà ṣe ohun tó jọ ọ́, ìtàn àwọn Júù tó ń sọ èdè Jámánì ni tiwọn. DigiBaeck ni wọ́n ń pe àkójọ ńlá wọn, ó ti wà láti 2012, lẹ́tà, ìwé ìrántí, fọ́tò ìdílé, ó pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kà lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ìkọ̀wé Jámánì àtijọ́ ni wọ́n fi kọ púpọ̀ ẹ̀, àwọn ọmọ Jámánì òní gan-an ò lè kà á. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni 1938Projekt. Ní 2018, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ìwé kan jáde tí ẹnì kan kọ ní ọjọ́ yẹn gan-an ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, lẹ́tà tàbí ojú ewé kan nínú ìwé ìrántí tàbí ìwé ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ló fi wà, àlàyé kúkúrú wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ń wá físà. Ẹni tó ń bẹ mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun. Àwa mọ̀ pé November 9 ń bọ̀, alẹ́ tí wọ́n máa dáná sun sínágọ́gù káàkiri Jámánì, àwọn ò mọ̀. Ẹni tó bá ń kà á lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan láti January máa mọ bó ṣe ń rọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, èyí tí ìwé ìtàn kan kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ torí ìwé ìtàn máa ń sáré. Kò wúwo lórí dátà, fọ́tò kan àti ìpínrọ̀ bíi mélòó kan ni. Nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ lónìí, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Tó bá jẹ́ ìlú tàbí orúkọ lẹ ń wá

Èyí ò ní pẹ́. Fún Póláǹdì, Virtual Shtetl ti mùsíọ́mù POLIN ní Warsaw ni, 2009 ni wọ́n ti ṣí i, kí wọ́n tó kọ́ ilé mùsíọ́mù yẹn tán pàápàá, ẹ tẹ orúkọ ìlú kékeré kan ẹ máa rí ìtàn àwọn Júù tó gbé ibẹ̀, ibi ìsìnkú wọn, sínágọ́gù wọn. Fún Jámánì, Jewish Places ni, mùsíọ́mù Berlin ló gbé e jáde ní 2018, aráàlú náà lè fi ohun tí wọ́n mọ̀ kún un. Fún ẹni tó ń wá orúkọ èèyàn, Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù ló ní àkójọ orúkọ àwọn tí wọ́n pa, ó ti lé ní mílíọ̀nù 4.5, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ fọ́ọ̀mù tí mọ̀lẹ́bí tàbí aládùúgbò fi ọwọ́ ara wọn kún. Ẹ má ṣí ìyẹn tí ọkàn yín ò bá lélẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ ni Diarna. Orúkọ yẹn túmọ̀ sí "ilé wa" ní èdè Árábíìkì tí àwọn Júù ilẹ̀ Árábù ń sọ. Wọ́n ń fi fọ́tò sátẹ́láìtì, fọ́tò àtijọ́ àti ìrántí àwọn àgbàlagbà ṣe àfihàn ibi tí àwọn Júù gbé ní Àríwá Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, Ìráàkì, Síríà, Yemen, Líbíà, ibi tí ọ̀pọ̀ Júù ò lè dé mọ́. Ibojì tí wọ́n gbà pé ti wòlíì Ìsíkíẹ́lì ni, ní Ìráàkì, wà níbẹ̀. Sínágọ́gù tó ń jẹ́ orúkọ Èlíjà ní Jobar lẹ́bàá Damásíkù náà wà níbẹ̀, ogun Síríà wó o ní 2014, ohun tó kù lára ẹ̀ fún èmi àtẹ̀yin láti wò ni fọ́tò àti àwòrán. Tẹ́ ẹ bá fi Diarna wé Virtual Shtetl, Virtual Shtetl ní ọ̀rọ̀ jù ú lọ dáadáa, àmọ́ Diarna dé ibi tí ẹlòmíì ò dé.

Kátálọ́ọ̀gù mùsíọ́mù fúnra ẹ̀ àbí Google?

Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ rìn kiri, kẹ́ ẹ máa wo fìtílà tí àwọn Júù ń tàn nígbà ọdún Hanukkah wọn, ìwé Ẹ́sítérì tí wọ́n fi àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀pá fàdákà kékeré tó ní ìka lẹ́nu tí wọ́n fi ń tọ ìlà nígbà tí wọ́n bá ń ka Òfin torí wọn kì í fi ọwọ́ kan awọ ẹ̀, ẹ lè gba Google Arts & Culture wọlé. Ó yá, ó rẹwà, fọ́tò ẹ̀ ń súnmọ́ra dáadáa. Àmọ́ ìwọ̀nba ni mùsíọ́mù ń gbé síbẹ̀, èyí tó dáa jù lójú wọn, àlàyé ẹ̀ sì máa ń kúrú. Fún Jewish Museum ní New York, ẹ lọ sí kátálọ́ọ̀gù tiwọn gan-an. Ohun 26 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1904, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 báyìí. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ìlà kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń sọ ẹni tó fi tọrẹ tàbí ibi tí wọ́n ti rí i, ibẹ̀ lẹ máa ti rí orúkọ Danzig. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ìlà yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé èwo ni kí àwọn lò fún ìwé tiwọn, sáìtì ara wọn ni àbí pèpéle ẹlòmíì. Mo ní kó wo DigiBaeck, wọ́n ní sáìtì tiwọn, wọ́n sì tún gbé ẹ̀dà púpọ̀ sí Internet Archive, láíbìrì ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan bá wó, èkejì á wà. Mo ní kó wo Jewish Museum London náà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1932, ní July 2023 wọ́n ti ilé wọn tó wà ní Camden pa, ẹrù lọ sí ibi ìpamọ́, ẹni tó bá fẹ́ wo ohun tí wọ́n ní, orí sáìtì ló máa kọ́kọ́ lọ. Kátálọ́ọ̀gù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn ló gbà wọ́n. Nítorí náà kó tó ra kámẹ́rà olówó ńlá, kó kọ́kọ́ kọ orúkọ, ọjọ́, ẹni tó ni ín, fún ìwé kọ̀ọ̀kan, fóònù ló máa fi ya ìyókù ná.

Mùsíọ́mù Júù ti Prague ló kọ́ mi ní ìyẹn. 1906 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà ogun àwọn Násì kó ẹrù sínágọ́gù láti gbogbo Bohemia àti Moravia, tó wà ní ilẹ̀ Czech lónìí, wá síbẹ̀, àwọn Júù fúnra wọn ni wọ́n sì fi sídìí kíkọ kátálọ́ọ̀gù ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ohun kan tẹ̀lé òmíì, ìlú tó ti wá, ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé yẹn lọ sí àgọ́ ikú. Lọ́dún 1994 ni ìjọba tó dá mùsíọ́mù náà padà fún àwọn Júù. Ohun tó wà níbẹ̀ lé ní 40,000, ẹ lè wá a lórí sáìtì wọn, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, aṣọ ìkélé tí wọ́n ń fi bo ibi tí ìwé Òfin wà ní sínágọ́gù, torí wọ́n sábà máa ń fi òwú kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó tó fi aṣọ náà tọrẹ sára ẹ̀, àti ọdún tí wọ́n fi í sílẹ̀. Mi ò gbọ́ Hébérù, àmọ́ wọ́n ti kọ orúkọ yẹn sí lẹ́tà tí mo lè kà nínú àlàyé ẹ̀, mo máa ń pè é jáde lẹ́nu kí n tó tẹ èyí tó kàn.